Ẹni Tó Bá Túfọ̀ Kì í Tètè Lọ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́, ní Sùúrùlérè, Èkó

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí onígbàgbọ́ ṣe lè fi ìfẹ́ sọ òótọ́ tó korò fún ẹnìkejì rẹ̀. Ìbẹ̀rù ni mo fi gba iṣẹ́ náà, nítorí mo ti sọ òótọ́ kan rí tó jẹ́ pé títí di òní, ó ń dùn mí bí mo ṣe sọ ọ́. N óò dé orí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí ilé bàbá mi.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Ìrìn àjò ni wọ́n lọ, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́dọ̀ wọn. Ìtirẹ ni ilé wa wà nígbà náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn ọmọ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ojúẹlẹ́gba, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ilẹ̀kùn. Àgbà mẹ́ta ló tẹ̀lé wọn, obìnrin kan wà nínú wọn. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, wọ́n dáhùn, wọn ò sì tíì sọ nǹkan kan. Wọ́n béèrè omi, wọ́n mu ún. Wọ́n béèrè bóyá àwọn àbúrò mi ti jí, bóyá ìyá mi ti fi nǹkan kan ẹnu. Obìnrin inú wọn lọ jókòó ti ìyá mi tímọ́tímọ́, ó ń bá wọn ṣà nǹkan kúrò lára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan lára aṣọ náà. Ọkùnrin kan rọra lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé níbi tí kànga wà. Ìgbà tí olúkúlùkù ti wà ní ipò rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ tí wọ́n ní, "Ìyàwó, àwa la ni ọ́. A ò rí ọkọ rẹ mọ́."

Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe tò ó. "Àwa la ni ọ́" ló ṣáájú ikú.

Túfọ̀ ni àwọn baba wa ń pè é. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń rán lọ túfọ̀. Wọ́n ń wo ọjọ́ orí ẹni, wọ́n ń wo bí ó ṣe mọ ará ilé náà tó, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Wọn kì í rán ẹnì kan ṣoṣo. Wọn kì í sì í ṣe é lójú títì. Àwọn kan a máa fi irọ́ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn a ní ara bàbá kò yá, ẹ jẹ́ ká lọ wò wọ́n. N kò gbè wọ́n lẹ́yìn lórí ìyẹn, nítorí irọ́ yẹn a máa bí ìrètí tí yóò tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo wọn jọ ń ṣe, tí mo fẹ́ kó wọ̀ wá lára lọ́sàn-án yìí. Ẹni tó bá túfọ̀ kì í tètè lọ. Obìnrin tó jókòó ti ìyá mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ló sùn sí ilé wa. Òun ló ń pọn omi, òun ló ń fún àwọn àbúrò mi lóúnjẹ, òun ló ń gba àwọn àlejò. Ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kànga ló lọ bá onílé sọ̀rọ̀ nípa owó ilé wa tó ti fẹ́ẹ́ pé.

Ní ọdún tó kọjá, arábìnrin kan wà nínú dáńfó lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba. Fóònù rẹ̀ dún. Lórí WhatsApp àwọn ẹbí ló ti kà á pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti kú, àwọn ènìyàn sì ti fi àwòrán àbẹ́là sí i lẹ́sẹẹsẹ. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń béèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ohun tí òun rántí nípa ọjọ́ yẹn ni pé òun ń wá ṣéńjì nínú àpò. Òótọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Kò sí ẹni tó jókòó tì í.

Mo ti rò ó pé báwo ni a ṣe dé ibí yìí. Mo mọ̀ pé fóònù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pẹ́ ju fóònù lọ, ó sì kan ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí gan-an. Lọ́dún 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ní àwọn ilé náà há jù, wọ́n sì dọ̀tí. Lagos Executive Development Board ló ṣe iṣẹ́ náà, Sùúrùlérè sì ni wọ́n kọ́ ilé tuntun sí fún àwọn tí wọ́n ṣí nípò. Onímọ̀ ará Bìrìtéènì kan, Peter Marris, lọ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀ lójúlé dé ojúlé, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1961. Ohun tó rí ni pé ilé tuntun mọ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ sí Ìsàlẹ̀ Èkó pọ̀, ọjà ti jìnnà, ìdílé sì ti tú ká. Ní agbo ilé, yàrá lè há o, ṣùgbọ́n ìyáàlé ń gbọ́ ẹkún ọmọdé, baálé ń gbọ́ ìjà lọ́kọláya. Wọ́n gbé bàbá, ìyá àti ọmọ wá síbí, wọ́n fi àwọn tó mọ bí a ti ń túfọ̀ sílẹ̀ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Láti ìgbà náà ni ìjọ ti di agbo ilé fún ọ̀pọ̀ nínú wa ní Sùúrùlérè, yálà a mọ̀ tàbí a kò mọ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń sọmọ lórúkọ, ibẹ̀ ni a ti ń yáwó, ibẹ̀ ni a ti ń fẹ́ ìyàwó. Ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí àwọn tó lè jókòó ti ènìyàn ti jáde wá.

Mo ní n óò sọ ti èmi.

Ìjọ kan wà tí n kò ní dárúkọ, èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó níbẹ̀. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti tẹ ìwé ìpè, wọ́n ti pín aṣọ ẹbí, olóúnjẹ ti gba àsansílẹ̀. Ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìwé àyẹ̀wò jẹnotáìpù. Ọkùnrin jẹ́ AS, obìnrin jẹ́ AS. Òfin ìjọ náà ni pé àwọn kò ní so irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀. Alẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ni. Mo bá àwọn méjèèjì pàdé lórí àtẹ̀gùn, mo fi ìwé náà hàn wọ́n, mo sọ pé ìjọ kò lè ṣe ìgbéyàwó yìí, mo sọ pé kí wọ́n gbàdúrà. Ohùn mi kò le. Mo tilẹ̀ fi ọwọ́ kan ọkùnrin náà léjìká. Lẹ́yìn náà mo wo aago, mo ní ìpàdé mìíràn, mo sì lọ.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni mo gbọ́ lẹ́nu ọlọ́dẹ ìjọ náà pé obìnrin yẹn jókòó lórí àtẹ̀gùn títí ó fi di dandan kí òun ti géètì. Kò padà wá sí ìjọ náà mọ́. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo sọ. Bí wọ́n bá ní kí n búra, mo lè búra. Mo sì dẹ́ṣẹ̀ sí ọmọ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ jẹnotáìpù, nítorí kò sí òótọ́ tó korò tó ń kan ìjọ Èkó tó èyí. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé AS. Lọ́dọọdún, nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí ní orílẹ̀-èdè yìí pẹ̀lú àìsàn tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Kò jìnnà sí wa níbí, ní Ìdí-Àràbà, ní iwájú ilé ìwòsàn LUTH, ibùdó kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àìsàn yìí, ti Sickle Cell Foundation Nigeria, ẹgbẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá níbẹ̀ lọ sí Mushin, ẹ ti rí i.

Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí jọ túfọ̀ ju bí tèmi ti jọ ọ́ lọ. Wọn kì í dúró di ìgbà tí èsì bá jáde kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó na ọwọ́ fún abẹ́rẹ́ ni wọ́n ti ń béèrè ohun tí ẹ mọ̀, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù, ohun tí ẹ máa ṣe bí ó bá rí báyìí tàbí bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó. Wọ́n á tún ṣàlàyé pé bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn náà gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ gbà pé bí ọmọ àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ìṣirò náà tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdílé kan lè bí mẹ́rin kí gbogbo wọn yè é, òmíràn lè bí méjì kí méjèèjì jẹ́ SS. Lẹ́yìn àlàyé yìí, wọ́n á fi ìpinnu sílẹ̀ fún àwọn tó ni ayé wọn.

Wọ́n sì tún máa ń sọ pé kí ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe níbòmíràn. Mo fẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn yàrá àyẹ̀wò kan wà nínú ìlú yìí tí ìwé wọn kò ṣeé fọkàn tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbé AA kiri fún ogún ọdún kó tó di pé ọmọ SS ló sọ fún wọn pé AS ni wọ́n. Ẹni tó fẹ́ sọ òótọ́ tó máa dá ìgbéyàwó dúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé òótọ́ ni. Èmi kò ṣe ìyẹn pàápàá lórí àtẹ̀gùn. Ìwé kan ṣoṣo ni mo gbé dání.

Bí a bá fẹ́ ṣe é bó ti yẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìgbéyàwó tó pé kọ́ ni ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ bá wọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni. Kí gbogbo ọ̀dọ́ mọ ohun tí ó jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ tó bá tètè dé kì í gbé ọ̀kọ̀ dání. Àwa la fi ọjọ́ pípẹ́ pọ́n ọ̀kọ̀ náà, a sì wá ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìfẹ́ la fi gún wọn.

Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Éfésù, ní orí kẹrin, ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún, nípa òtítọ́ àti ìfẹ́ pọ̀. Gbogbo wa mọ ẹsẹ náà, a sì ti lò ó débi pé ó ti di ìbòrí fún ọ̀rọ̀ líle. Ẹnìkan á ní, "Ìfẹ́ ni mo fi ń sọ ọ́ o," ẹ ó kàn mọ̀ pé nǹkan ti fẹ́ bà jẹ́. A rò pé inú ohùn ni ìfẹ́ wà, pé bí ohùn bá ti rọ̀, tí ẹ̀rín díẹ̀ bá wà lójú, ìfẹ́ ti wà níbẹ̀. Ohùn mi rọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ wo Nátánì nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí kejìlá. Gbogbo wa la mọ ọ̀dọ́ àgùntàn tálákà náà, àti bí wòlíì ṣe fi ìtàn mú Dáfídì ọba títí ọba fi dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ìwàásù ti pọ̀ lórí ìtàn yẹn. Ohun tí n kò gbọ́ kí wọ́n wàásù lé lórí púpọ̀ ni ibi tí Nátánì wà lẹ́yìn ọjọ́ náà. Nígbà tí ọmọ àkọ́kọ́ ti kú, tí Bátíṣébà tún bí Sólómọ́nì, Nátánì náà ni Ọlọ́run rán wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn fún ọmọ náà, Jedidáyà, ẹni tí Olúwa fẹ́ràn. Ẹni tó gbé ìdájọ́ wá ló padà gbé orúkọ wá. Ẹ tún lọ sí Àwọn Ọba Kìn-ín-ní: Dáfídì ti di arúgbó tí aṣọ kò mú un móoru mọ́, Nátánì ṣì wà láàfin, òun àti Bátíṣébà ni wọ́n jọ gbìmọ̀ bí ìjọba Sólómọ́nì kò ṣe ní bọ́. Bátíṣébà, obìnrin tí ọ̀rọ̀ Nátánì tú àṣírí ilé rẹ̀. Ẹ sì wo Kíróníkà Kìn-ín-ní, orí kẹta, ẹsẹ karùn-ún: ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Bátíṣébà bí fún Dáfídì ń jẹ́ Nátánì. Bíbélì kò sọ pé nítorí wòlíì náà ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá mọ ohun tí orúkọ ń wí. A kì í sọ ọmọ ẹni ní orúkọ ẹni tó bà wá nínú jẹ́ tó sì bá tirẹ̀ lọ. Lúùkù sì to ìran Olúwa wa gba ọ̀dọ̀ ọmọ náà kọjá.

Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ òótọ́ tó sì dúró, ẹ bá mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó sọ òótọ́ láìsí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, sí etí Odò Ọya, sí Onitsha, ní oṣù kẹjọ ọdún 1890. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, ti ilé wa ni.

Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821, tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́dún 1822, tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864. Iṣẹ́ ìhìnrere lórí Odò Ọya wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà sì ní àbùkù, ẹ má jẹ́ ká fi ìfẹ́ baba wa bò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń ṣòwò ju bí wọ́n ti ń wàásù lọ, ìwà àwọn mìíràn kò bójú mu, bíṣọ́ọ̀bù sì ń gbé Èkó, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ló ń wọ̀ lọ bẹ̀ wọ́n wò. Ó jẹ́ onínúure, àwọn kan sì fi inúure rẹ̀ ṣe ibùsùn. Òótọ́ ni gbogbo èyí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan dé, Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson wà lára wọn, ọ̀dọ́ tó ní ìtara, tó fẹ́ kí ìjọ mọ́. N kò sọ pé wọn kò fẹ́ràn Ọlọ́run. Níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ní Onitsha, wọ́n ka ẹ̀sùn sí àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lójú bíṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, F. N. Eden, gba agbára láti dá àwọn àlùfáà dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì dá Áṣídíákónì Dandeson Crowther pàápàá dúró, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Baba arúgbó náà kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, ó kú sí Èkó. Robinson ti kú ṣáájú rẹ̀ ní ọdún kan náà, Brooke sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Lọ́kọ́ja. Inú bí àwọn ọmọ ìjọ ní Èkó gidigidi. Oṣù kẹjọ ọdún 1891 ni wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀, ọgbẹ́ Odò Ọya sì wà nínú ohun tó bí i.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé nínú ẹ̀sùn wọ̀nyẹn, òótọ́ wà. Bí ó bá jẹ́ pé irọ́ lásán ni, à bá ti jù ú nù. Òótọ́ tó wà nínú rẹ̀ náà ló jẹ́ kó le láti wò sàn, nítorí wọ́n lo òótọ́ kékeré láti sọ nǹkan ńlá tí kì í ṣe òótọ́, pé ọmọ Áfíríkà kò lè ṣe olórí ìjọ. Mátíù orí kejìdínlógún sọ ọ̀nà rẹ̀ fún wa: kí ó kọ́kọ́ jẹ́ láàárín ìwọ àti òun nìkan, lẹ́yìn náà kí o mú ẹnì kan tàbí méjì dání, ìgbẹ̀yìn ni ìjọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbẹ̀yìn. Ọdún 2014, ní ayẹyẹ àádọ́jọ ọdún tí wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ni Justin Welby, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury nígbà náà, tọrọ àforíjì ní gbangba lórí ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ọgọ́fà ọdún ó lé lẹ́yìn ikú ọkùnrin náà.

Bẹ́ẹ̀, Crowther fúnra rẹ̀ mọ bí a ti ń ṣe é. Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846 ló rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Àlùfáà ni ọmọ, òrìṣà ni ìyá ń bọ. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá tí kò tíì gba Jésù. Ọmọ gbà gbọ́ pé ọ̀nà tí ìyá òun wà kì í ṣe ọ̀nà ìyè. Òótọ́ wo ló lè korò ju ìyẹn lọ láti sọ fún ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí? Ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848 ni wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún un, Hánà ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Ọdún kan àti oṣù márùn-ún ló wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Abẹ́òkúta ni Crowther wà nítòsí rẹ̀ nínú àwọn oṣù wọ̀nyẹn. Bákan náà ló ṣe ní Ìlọrin lọ́dún 1872 níwájú Ẹ́mírì: nígbà tí wọ́n bi í ní ìbéèrè nípa ẹ̀sìn rẹ̀, ó ka Ìwé Mímọ́ ní Yorùbá fún wọn, ó jẹ́ kí Ìwé náà dáhùn. Kò bú ẹ̀sìn wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín ti ń sọ lọ́kàn pé, "Bàbá, ìṣòro tiwa kì í ṣe pé à ń sọ ọ́ líle. À ń dákẹ́ ni." Ẹ jàre. Ní Sùúrùlérè yìí, dídákẹ́ pọ̀ ju ìsọkúsọ lọ. Ẹ lọ sí LUTH, ẹ jókòó sí ibi tí àwọn mọ̀lẹ́bí ti ń dúró. Ẹ ó gbọ́ kí ọmọ máa bẹ dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún màmá." Ìyá kan wà, ọ̀rẹ́ ìyá mi, ó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó. Jẹjẹrẹ ni. Àwọn ọmọ sọ fún un pé ọgbẹ́ inú ni. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín sí i. Ní ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ jáde, ó bi mí pé, "Ta ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi?" Ó ti mọ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́, ó kàn ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe eré náà kí ọkàn wọn má bàa dàrú. Ó ní gbèsè níta tí kò rí ẹni sọ fún. Ó ní àbúrò kan tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì fẹ́ rí i. Irọ́ àwọn ọmọ náà kò gba àìsàn lọ́wọ́ rẹ̀. Àkókò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn sì sunkún nígbà tí ó yé wọn. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, òótọ́ ni. Ẹ lè bi wọ́n. "Màmá, kí lẹ fẹ́ mọ̀?" Ìbéèrè yẹn kò pa ènìyàn rí.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn tó ń dìde ní gbangba nínú ìjọsìn, tí wọ́n á ní arábìnrin kan wà níjókòó yìí, Ọlọ́run ní kí ó jáwọ́ nínú ohun tó ń ṣe. Bí Ọlọ́run bá fi nǹkan hàn ọ́ nípa arábìnrin, Ọlọ́run tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ ilé rẹ̀ pẹ̀lú. Lọ sí ilé náà.

Wọ́n bi mí kí n tó gun orí pèpéle yìí pé kí ni ìjọ lè ṣe. Ohun tí mo rí ni pé kí á yan àwọn ènìyàn, tọkùnrin tobìnrin, mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí iṣẹ́ wọn kò ní jẹ́ láti bá ènìyàn wí bí kò ṣe láti jókòó ti ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ má sọ òótọ́ tó lè wó ilé láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ náà sì ní àyè fún ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí o kò bá ní àkókò ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni náà, o kò tíì ní òótọ́ láti sọ fún un. Dá a dúró títí o fi máa ní i, àyàfi bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀.

Mo wá arábìnrin orí àtẹ̀gùn yẹn lọ. Ó gbà mí ní oṣù púpọ̀ kí n tó rí ilé rẹ̀, ní Àgùdà. Nígbà tí ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó ní, "Ẹ wọlé, sà," ó sì gbé àga fún mi. Mo tọrọ àforíjì. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní òun kò bínú nítorí ohun tí mo sọ, pé àwọn méjèèjì lọ tún àyẹ̀wò náà ṣe ní Ìdí-Àràbà, AS náà ló jáde, àwọn sì pín gaarí pẹ̀lú omijé. Ó wá bi mí pé, "Sà, kí ló dé tí ẹ lọ lọ́jọ́ náà?"

N kò rí èsì fún un. Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Ó gbé omi fún mi. A sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, nípa ọkùnrin náà tó ti wà ní Ìbàdàn báyìí. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní àbúrò òun ọkùnrin ń fẹ́ ọmọbìnrin kan, kò sì tíì ṣe àyẹ̀wò, kò sì gbà lẹ́nu òun. Ó ní ṣé mo lè tẹ̀ lé òun lọ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ìyàwó mi náà lè wá, kí ó lè bá ọmọbìnrin náà jókòó. A ti fi í sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Mo ti fagi lé gbogbo ohun tí mo ní ní ọjọ́ náà, àti ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e.